Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Géèjì Ìgíníṣọ̀n Yín Ń Purọ́: Fún Àwọn Tó Ń Kan Ọkọ̀ Òfurufú Fúnra Wọn n'Ìbàdàn

Ìgíníṣọ̀n onílẹ́tíróníìkì (ohun tó ń mú kí púlọ́ọ̀gì ta iná) tí ẹ so mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú yín máa ń kọ nọ́ńbà mẹ́ta sójú sikíríìnì. Èkíní ni iye ìgbà tí kíráǹkì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, tí gbogbo mẹkáníìkì ń pè ní RPM. Èkejì ni ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú manífóòdù, ìyẹn páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ sílíńdà, tí wọ́n ń pè ní MAP. Ẹ̀kẹta ni iye dìgírì tí iná púlọ́ọ̀gì fi ń ta ṣáájú kí písítìnì tó dé tọ́ọ̀pù, ìyẹn òkè pátápátá. Ẹ̀kẹta yìí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Kọ̀ǹpútà kékeré inú àpótí ìgíníṣọ̀n ló ṣírò rẹ̀: ó ka RPM, ó ka MAP, ó wo tábìlì tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, ó ní dìgírì 28 ló yẹ, ó pàṣẹ, ó sì kọ àṣẹ náà síta fún yín. Kò padà lọ bi púlọ́ọ̀gì léèrè. Bí ẹ bá de sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì ní dìgírì 5 sí ibi tó yẹ kó wà, iná á máa ta ní 33, sikíríìnì á máa kọ 28 lọ láì wẹ̀yìn.

Dìgírì 5 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Iná tó bá tètè ta jù máa ń mú kí epo bú gbàù nínú sílíńdà dípò kó jó wẹ́rẹ́, orí sílíńdà á gbóná kọjá ààlà, písítìnì á sì lu. Tó bá jẹ́ mọ́tò ni, ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ̀, ẹ ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Challenge, ẹ ó pe mẹkáníìkì. Nínú ọkọ̀ òfurufú, ariwo pùròpélà ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan, kò sì sí ẹ̀gbẹ́ títì lókè.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí mo ní í sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò ju ìyẹn lọ: nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí kejì, ẹlẹ́rìí náà kò sì gbọdọ̀ máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ kan náà. Bí ẹ bá fa wáyà láti ara ìgíníṣọ̀n lọ sí géèjì aláago àti sikíríìnì ńlá, tí méjèèjì bá sọ 2,400, ẹ ò tíì rí ẹlẹ́rìí méjì. Ẹlẹ́rìí kan ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ́ńjìnnì wo là ń sọ?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí n'Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì Volkswagen ìjàpá ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ, torí pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò nílò omi, ẹ sì ṣì lè ṣa ẹ̀yà rẹ̀ jọ ní ọjà Arárọ̀mí ní Agodi Gate bí ẹ bá ní sùúrù. Kárí ayé ni wọ́n ti ń fi ẹ́ńjìnnì yìí sínú ọkọ̀ òfurufú àfọwọ́ṣe. Àwọn tó lówó díẹ̀ sí i á wá Lycoming, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ òfurufú. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni: Air Beetle tí àwọn ọmọ ogun òfurufú wa kàn ní Kaduna, tó kọ́kọ́ fò ní 1988, ara RV-6A ni wọ́n ti yọ ọ́, ìyẹn ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń rà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà lọ tò nínú gáréèjì ilé wọn. Ohun tí mo máa sọ bá Volkswagen àti Lycoming oní-sílíńdà mẹ́rin mu, tí pùròpélà bá wà lórí kíráǹkì tààrà, láìsí jíà láàárín.

Ọ̀rọ̀ òfin, kíá: orí ilẹ̀ ni gbogbo àyẹ̀wò inú ìwé yìí. Láti gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà. Ìwé tí ẹni tó ṣe ìgíníṣọ̀n yín fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ sì ju ọ̀rọ̀ mi lọ níbikíbi tí ọ̀rọ̀ wa ò bá ti bára mu.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Mítà onínọ́ńbà tó ń ka Hz, ìyẹn iye ìgbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tọ́ọ̀ṣì táímìǹgì tó ní kíláàǹpù tí wọ́n ń fi há wáyà púlọ́ọ̀gì, irú èyí tí àwọn rewáyà ń lò. Kí ẹ yan èyí tí kò ní bọ́tìnì dìgírì, màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Tákò (ohun tó ń ka RPM) aláìfọwọ́kàn tó ń fi iná ka ohun tó ń yí. Rọ́bà funfun gbọọrọ tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn léfẹ̀ẹ̀lì ilé, bíi mítà mẹ́ta. Sírínjì ńlá kan. Tépù télọ̀, pẹ́ǹtì funfun àti búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín. Fóònù. Ìwé àti bírò, torí ohun tí ẹ ò bá kọ sílẹ̀ ẹ ó jiyàn lé e lórí lọ́la.

Ẹ dúró gbọ́ èyí kí ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì

Tọ́ọ̀ṣì táímìǹgì máa ń tàn ní gbogbo ìgbà tí púlọ́ọ̀gì bá ta, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni kíráǹkì máa ń wà nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá ń ta. Nítorí náà, ohunkóhun tí iná rẹ̀ bá bọ́ sí lára máa dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Pùròpélà tó ń yí ní 2,000 á dúró kalẹ̀ gbáà lójú yín, ẹ ó máa rí apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ẹ lè fọwọ́ nù ún. Ọwọ́ tó bá tẹ̀ lé ojú yẹn kò ní padà. Nítorí náà, ẹ̀yìn pùròpélà ni ẹ ti máa ka àmì, kò gbọdọ̀ jẹ́ iwájú, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹ́ńjìnnì Lycoming ní àmì lẹ́yìn ríìmù eléyín tí sítátà ń gbá mú, tí ẹ ó fi wé ojú ibi tí kéèsì méjèèjì ti pàdé. Lórí Volkswagen, ẹ kun àmì tiyín sí ibi tí ẹni tó dúró lẹ́yìn á ti rí i.

Ẹ fi igi dí táyà, ẹ fi ṣéènì so ìrù ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má tan iná táímìǹgì lálẹ́ tàbí lábẹ́ òrùlé tó ṣókùnkùn, kí ẹnì kan sì jókòó sídìí swítì tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Kí ọmọdé àti ewúrẹ́ jìnnà. N ò ṣàwàdà nípa ewúrẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: bátìrì àti ẹ́ẹ̀tì

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí géèjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iná tó ń bọ́ ọ. Ẹ tan gbogbo nǹkan láìtíì sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí négátíìfù bátìrì, èkejì sí ara irin ẹ́ńjìnnì, kí mítà wà lórí mìlífóòtì. Ẹ tún gbé e láti négátíìfù lọ sí ẹ́ẹ̀tì (wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) ẹ̀yìn sikíríìnì. Ó yẹ kó kéré gan-an, mìlífóòtì bíi mélòó kan. Tó bá ti wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ìpata tàbí bọ́ọ̀tì tó dẹ̀ wà níbì kan, gbogbo géèjì tó ń fi fóòtì sọ̀rọ̀ ló máa ṣì sọ.

Àyẹ̀wò kan wà tó yára ju èyí lọ. Ẹ wo nọ́ńbà MAP lórí sikíríìnì, kí ẹnì kan wá tan pọ́ǹpù epo àti iná ńlá iwájú. Afẹ́fẹ́ ò yí padà, àbí? Tí nọ́ńbà bá mira, ẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ kó gbogbo ẹ́ẹ̀tì géèjì àti sẹ́ńsọ̀ lọ sójú kan ṣoṣo, kí ti pọ́ǹpù àti iná má bá wọn gba ọ̀nà kan náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá tọ́ọ̀pù gidi

Gbogbo ọ̀rọ̀ dìgírì dúró lórí tọ́ọ̀pù. Àmì tí ẹ bá lára púlì ìjàpá tó ti kọjá lọ́wọ́ mẹkáníìkì mẹ́fà kò ṣeé gbára lé. Púlì tí kì í ṣe tirẹ̀ lè wà lórí ẹ́ńjìnnì náà láti ìgbà ayé Bàbá Sàlá. Kí wọ́n ti igi tín-ínrín bọ ojú púlọ́ọ̀gì kí wọ́n máa wò ó bó ṣe ń gòkè, ìyẹn náà ò tó, nítorí pé písítìnì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan lókè nígbà tí kíráǹkì ṣì ń rìn dìgírì mélòó kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ yọ wáyà bátìrì, ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì. Ẹ mú púlọ́ọ̀gì àlòkù kan, ẹ fọ́ tánganran inú rẹ̀ dànù, kí wẹ́dà jó bọ́ọ̀tì tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó mọ́ ọn. Kí bọ́ọ̀tì náà má gùn jù, kó má baà kan fáàfù. Ẹ dè é sí ojú púlọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní. Ẹ wá fi ọwọ́ yí kíráǹkì jẹ́jẹ́ títí písítìnì á fi fẹnu kan bọ́ọ̀tì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára, ó máa dúró wọ́ọ́rọ́, ẹ má tì í. Ẹ fi pẹ́ǹtì sàmì sára ríìmù níwájú atọ́ka tí ẹ ti dè mọ́ kéèsì. Ẹ yí i padà sí òdì kejì títí á tún fi kan bọ́ọ̀tì, ẹ sàmì kejì. Àárín àmì méjèèjì gan-an, ní apá tó kúrú, ni tọ́ọ̀pù. Ọ̀nà yìí kò lè yẹ̀, nítorí pé ibi tí písítìnì ti ń rìn dáadáa lẹ ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ibi tó ti ń sùn.

Ẹ wá fi tépù télọ̀ wọn yíká ríìmù. Ká ní ó jẹ́ mìlímítà 628, ẹ pín in sí 360, dìgírì kan á jẹ́ mìlímítà 1.74. Dìgírì 25 á wá bọ́ sí mìlímítà 43.6 láti tọ́ọ̀pù. Apá wo? Apá tí ríìmù ń yí sí, torí pé àmì 25 gbọ́dọ̀ kọjá níwájú atọ́ka ṣáájú kí tọ́ọ̀pù tó dé. Ẹni tó bá kun ún sí òdì kejì á ka táímìǹgì tó pẹ́ bí ẹni pé ó yá. Ẹ kun 0, 10, 20, 25, 30 àti 35, kí ìlà tọ́ọ̀pù nípọn ju ìyókù lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: RPM

Ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́rin máa ń ta iná ẹ̀ẹ̀mejì fún ìyíká kan. Tí ó bá jẹ́ pé ara kọ́ìlì kan ṣoṣo tó ń ta púlọ́ọ̀gì méjì pọ̀ ni ẹ ti fa wáyà tákò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń ta fún ìyíká kan. Sikíríìnì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́. Bó bá ń retí méjì tó wá ń rí ọ̀kan, 2,400 á di 1,200. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Èyí tó ń fara pamọ́ ni àṣìṣe kékeré: 80 níhìn-ín, 150 lọ́hùn-ún.

Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ràn jù kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wa áàpù tó ń ya àwòrán ìró sórí fóònù, irú èyí tí àwọn olórin ń lò. Kí ẹ́ńjìnnì máa sáré lójú kan, ẹ gbé fóònù sínú ọkọ̀, ẹ wo ibi tí òkè ìró tó ga jù nísàlẹ̀ wà. Pùròpélà alápá méjì ń na afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì fún ìyíká kan, ẹgísọ́ọ̀sì náà ń dún ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí náà iye Hz tí ẹ bá rí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 30. Bó bá jẹ́ 80 Hz, 2,400 RPM ni. Bí pùròpélà yín bá ní apá mẹ́ta, ẹ ó rí òkè méjì, 80 fún ẹgísọ́ọ̀sì, 120 fún pùròpélà. Ìlọ́po 20 ni ti pùròpélà. Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú sẹ́tìǹgì áàpù náà kí ẹ sọ iye àpẹẹrẹ tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan di ńlá. Bó bá jẹ́ 16,384, àyè kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán náà fẹ̀ tó 2.7 Hz, ìyẹn nǹkan bí 80 RPM, kò wúlò fún wa. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 65,536, ó máa bọ́ sí bíi 20 RPM.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni tákò aláìfọwọ́kàn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dán òun fúnra rẹ̀ wò. Ẹ gbé e sábẹ́ iná fùlórẹ́sẹ́ǹtì àtijọ́ tó ní ṣóòkì. Iná wa ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, nítorí náà fùlórẹ́sẹ́ǹtì ń ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀ 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tákò tí ẹ gbé sórí apá méjì sì gbọ́dọ̀ kọ 3,000. Lórí apá mẹ́ta, 2,000. Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe àyẹ̀wò yìí o, torí bó bá ṣe wu gọ́fánọ̀ rẹ̀ ló ṣe ń sáré. NẸ́PÀ náà kì í dúró sórí 50 nígbà gbogbo, ẹ fi mítà ka Hz inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gba ẹ̀rí. Ínfátà tó dára ló dúró ṣinṣin jù. Bọ́ọ̀bù LED ò wúlò níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì lo tákò yìí nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Àárọ̀ kùtù ló dára.

Tí sikíríìnì bá ta kò àwọn yòókù, ẹ wo ọ̀nà tó gbà ta kò wọ́n. Tó bá ń fo sókè lójijì, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sáré, ariwo iná ló ń wọ inú wáyà tákò: púlọ́ọ̀gì tí kò ní rẹsísítọ̀, wáyà tákò tó fara ti wáyà púlọ́ọ̀gì. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ lo wáyà onífáàǹlì, ìyẹn èyí tí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé lára, ẹ so fáàǹlì náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì ní ìparí kan ṣoṣo. Tó bá ń já wálẹ̀, wáyà tó ń já tàbí sẹ́ńsọ̀ tó jìnnà jù sí mágínẹ́ẹ̀tì tó ń bá kíráǹkì yí ni. Ariwo ń fi kún un. Wáyà tó ń já ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sikíríìnì fúnra rẹ̀ ló ṣàìsàn, ẹ tú wáyà tákò kúrò lára ìgíníṣọ̀n, ẹ fi módù kékeré tó ń ṣe PWM (iná tó ń tàn tó ń kú ní iye ìgbà tí ẹ bá yàn) ní fóòtì 5 bọ́ sikíríìnì náà. Ní 100 Hz, lórí sẹ́tìǹgì méjì fún ìyíká kan, ó gbọ́dọ̀ kọ 3,000 láìyẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: MAP

Níbí ni Ìbàdàn ti ń dá sí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sùn, afẹ́fẹ́ inú manífóòdù àti ti ìta dọ́gba. Géèjì MAP gbọ́dọ̀ kọ ìfúnpá ibi tí ẹ dúró sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wo ìwé, wọ́n á rí 29.92 (ínṣì mẹ́kúrì, ìwọ̀n tí géèjì ń lò), wọ́n á sì fẹ́ tún géèjì ṣe kó lè bá a mu. Ti etíkun nìyẹn. Pápákọ̀ òfurufú Alákíà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 725 sí òkun, nítorí náà nígbà tí ìròyìn ojú ọjọ́ bá ní 1012 hPa (ìwọ̀n ìfúnpá tiwọn), ti etíkun náà ló ń sọ. Ohun tó wà ní orí ilẹ̀ wa súnmọ́ 986. Tí ẹ bá pín 986 sí 33.86 láti sọ ọ́ di ínṣì, ẹ ó rí 29.1. Iye yẹn ló yẹ kí géèjì kọ. Fóònù tó bá ní bàrómítà nínú máa sọ 986 yẹn fún yín tààrà, àmọ́ ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò ní in.

Ẹ má jẹ́ kí 0.1 dà yín láàmú láàárín àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ní agbègbè tiwa, ìfúnpá afẹ́fẹ́ máa ń gòkè ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀, á sì lọ sílẹ̀ ní bíi aago 4 ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, òjò ì báà rọ̀ kó má rọ̀.

Pé géèjì pé ní 29.1 kò fi hàn pé ó pé ní 24. Rọ́bà bíríkìlà ló máa sọ ìyẹn. Ẹ ká a bíi lẹ́tà U sára ògiri, ẹ bu omi sí i dé ìdajì, ẹ fi dáì pupa díẹ̀ sí i kí ojú lè rí i. Ẹ so ẹnu kan mọ́ sírínjì àti ọ́ọ̀sì MAP pẹ̀lú ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, kí ìgò òfìfo kan wà láàárín kí omi má baà wọ sẹ́ńsọ̀. Ẹnu kejì á ṣí sílẹ̀. Ẹ fa sírínjì títí omi apá kan á fi ga ju èkejì lọ ní mítà kan géérégé. Mítà kan omi jẹ́ 2.9 nínú ìwọ̀n tí géèjì ń lò. Nítorí náà 29.1 gbọ́dọ̀ di 26.2. Tí ẹ bá rí 26.1 tàbí 26.3, ẹ tẹ̀ síwájú. Tí ẹ bá rí 27, sẹ́ńsọ̀ yẹn kò mọ̀wọ̀n. Ẹ di sírínjì mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ wo omi: tó bá ń rọra sọ̀, ọ́ọ̀sì ti lu níbì kan.

Ihò yẹn léwu ju bó ṣe rí lọ. Tí ọ́ọ̀sì bá bọ́, sẹ́ńsọ̀ á máa ka afẹ́fẹ́ ìta, ìgíníṣọ̀n á rò pé ẹ ti ṣí tọ́tùlù tán, á sì dín dìgírì kù. Agbára á dín, epo á máa jó lọ sínú ẹgísọ́ọ̀sì. Kí ọ́ọ̀sì ìgíníṣọ̀n àti ti sikíríìnì má ṣe jẹ́ ọ̀kan náà tí ẹ pín ní méjì. Ohun mìíràn: ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò kò lè ní ìfúnpá tó ju ti ìta lọ. Tí ẹ bá ṣí tọ́tùlù dópin lórí ilẹ̀ n'Ìbàdàn tí MAP kọ 30, irọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá bi púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀

Ẹ fi kíláàǹpù tọ́ọ̀ṣì há wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní, kí àmì ọfà rẹ̀ kọjú sí púlọ́ọ̀gì, kí ó sì jìnnà sí wáyà yòókù. Tí kọ́ìlì bá jókòó lórí púlọ́ọ̀gì tí kò sí wáyà, ẹ fi wáyà kúkúrú kan sáàárín.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì dìgírì tí mo ní màá ṣàlàyé nìyí. Tọ́ọ̀ṣì oníbọ́tìnì gbà pé púlọ́ọ̀gì ń ta ẹ̀ẹ̀kan fún ìyíká méjì. Ìgíníṣọ̀n tó ń ta púlọ́ọ̀gì méjì pọ̀ ń ta ẹ̀ẹ̀kan fún ìyíká kan, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì á sọ ìlọ́po méjì: dìgírì 28 á di 56. Ẹlòmíràn á sáré lọ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nítorí èyí. Ẹ fi bọ́tìnì sí òdo, kí ẹ ka àmì tí ẹ kùn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Kí ẹni tó wà nídìí swítì máa ké nọ́ńbà sikíríìnì síta, kí ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì máa dáhùn, kí ẹnì kẹta máa kọ. Ó máa ń dún báyìí:

"Ọ̀gá, 1,500. Sikíríìnì ní 22."

"Àmì ní 25. Kọ ọ́."

"2,000. Sikíríìnì ní 26."

"29. Má fọwọ́ kan tọ́tùlù."

"Ṣé ká sún sẹ́ńsọ̀ ni?"

"Ká ka 2,500 tán ná."

Ó dáa pé ọ̀gá yẹn ò tíì jẹ́ kí wọ́n sún un, torí bí ìyàtọ̀ bá ṣe ń rìn ló ń sọ ohun tó fà á. Tó bá jẹ́ dìgírì 3 ní 1,500, 3 ní 2,000, 3 ní 2,500, ọ̀rọ̀ irin ni: wọ́n de sẹ́ńsọ̀ tàbí mágínẹ́ẹ̀tì síbi tí kò yẹ, tàbí tọ́ọ̀pù yín ni kò pé. Sísún ló máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 1, tó di 2, tó di 3 bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré sí i, ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ní 2,700 RPM, kíráǹkì ń rìn dìgírì 16,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé dìgírì kan kò gbà ju máíkírósẹ́kọ́ǹdù 62 lọ. Ìgíníṣọ̀n tàbí tọ́ọ̀ṣì tó bá fi 100 jáfara ti mú dìgírì kan àbọ̀ lọ. Sísún sẹ́ńsọ̀ kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ máa tún un ṣe níbì kan, ẹ máa bà á jẹ́ níbòmíràn. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ìgíníṣọ̀n. Ìdí nìyẹn náà tí n kì í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí dìgírì kan ṣoṣo.

Tí àmì bá ń gbọ̀n láìdúró níbi tí RPM dúró, ẹ wo bóyá mágínẹ́ẹ̀tì tàbí sẹ́ńsọ̀ dẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń yí nìkan ni, ó lè jẹ́ pé ìgíníṣọ̀n yín ń ta iná léraléra ní RPM kékeré, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí àmì kò bá kúrò lójú kan rárá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ MAP tàbí wáyà rẹ̀ ti kú, tí kọ̀ǹpútà sì ti padà sí dìgírì àìyípadà.

Ọgbọ́n kan kù. Lórí ilẹ̀, ẹ ò lè ní RPM kan pẹ̀lú MAP bíi mélòó kan, torí tọ́tùlù ló ń gbé méjèèjì. Ní 1,500 péré, ẹ tú ọ́ọ̀sì MAP ìgíníṣọ̀n kúrò lára manífóòdù, ẹ dí ihò tó kù, ẹ so ọ́ọ̀sì náà mọ́ sírínjì. Bí ẹ ṣe ń fà á ni dìgírì ń pọ̀ sí i lórí sikíríìnì. Àmì gbọ́dọ̀ máa bá a rìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ má gbìyànjú èyí ní RPM gíga.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ooru jẹ́ ẹlẹ́rìí

Iná tó bá pẹ́ ta máa ń mú ẹgísọ́ọ̀sì gbóná, orí sílíńdà á tutù díẹ̀. Èyí tó bá yá jù, orí sílíńdà á gbóná, ẹgísọ́ọ̀sì á tutù. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ní ìgíníṣọ̀n méjì, nígbà tí ẹ bá pa ọ̀kan láti dán èkejì wò, ooru ẹgísọ́ọ̀sì gbogbo sílíńdà gbọ́dọ̀ gòkè. Èyí tó bá lọ sílẹ̀ láàárín wọn, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò ta. Lycoming ní RPM kò gbọdọ̀ já ju 175 lọ nígbà àyẹ̀wò mágínẹ́tò (ìgíníṣọ̀n àtijọ́) yìí, kí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì má sì ju 50 lọ. Lórí ìgíníṣọ̀n onílẹ́tíróníìkì, ó sábà máa ń kéré sí i. Bí sikíríìnì yín bá ń ka RPM láti ara èyí tí ẹ pa, á bọ́ sí òdo, ẹ má bẹ̀rù.

Kí ẹ tó gba ẹ̀rí ooru, ẹ ti ẹnu sẹ́ńsọ̀ ooru bọ omi tó ń hó: n'Ìbàdàn, 99 dìgírì Celsius ló yẹ kẹ́ ẹ rí, kì í ṣe 100 gééré. Tí ẹ bá sì ti fi wáyà kọ́pà lásán fa wáyà ooru gùn, ẹ tú u dànù. Irú wáyà kan náà ni wọ́n fi ń fà á gùn.

Ìgbà tí ẹ máa tún un ṣe

Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, kọ́ìlì tàbí púlì, ẹ tún ìgbésẹ̀ kejì àti ìkarùn-ún ṣe. Lẹ́yìn ọ́ọ̀sì tuntun, ìkẹrin. Bí ẹ bá sì ṣe àtúnṣe sọ́fíwíà sikíríìnì, ẹ kọ́kọ́ wọ sẹ́tìǹgì lọ wo bóyá iye ìtaná fún ìyíká kan ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, kí ẹ tó sítáàtì ẹ́ńjìnnì.